Ọmú Bàbá Ràfíù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Ìpáò-Èkìtì! Bàbá tó ni ọ̀rọ̀ ló ní kí n kọ ọ́ síta o, ẹ má bá mi jà.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì la lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, láti kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń yẹ ọmú ara wọn wò nítorí jẹjẹrẹ. A ta kánópì síwájú mọ́ṣáláṣí, a sì bẹ àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n yẹra. Wọ́n yẹra lóòótọ́, àmọ́ ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n lọ? Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa! Wọ́n tẹ́ lúdò sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ju dáìsì nínú wọn.

Aláriwo wọn ni Bàbá Ràfíù, àgbẹ̀ oníkòkó. Gbogbo ohun tí mo bá sọ ni bàbá ń fi ṣẹ̀fẹ̀. "Uṣẹ́ tí wọ́n rán yín wá ṣe nìyẹn, kẹ́ ẹ máa wo ọmú kiri?"

Inú bí mi. Ẹ sáà mọ ẹnu mi! Mo kọjú gbohùngbohùn sí wọn, mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin náà lọ́mú o! Jẹjẹrẹ ọmú ń mú ọkùnrin. Ẹ tọwọ́ bọ bùbá yín!"

Àwọn ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tọwọ́ bọ aṣọ, wọ́n ń ṣe bí ìyálọ́mọ. Bàbá Ràfíù náà tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, bàbá yọ ọwọ́ kíá, wọ́n gbájú mọ́ lúdò.

Bí a ṣe ń palẹ̀ mọ́, ìyàwó Bàbá Ràfíù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá ní kókó kan ti wà lábẹ́ orí ọmú baálé àwọn, ó ti pẹ́, bàbá sì ń sọ pé igi kòkó ló gún àwọn. Mo lọ bá bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí dókítà yẹ àwọn wò, wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

"Kí n ti ulé mi lọ sọ́sibítù, kí n ní ọmú ń dùn mí? Ṣé kí wọ́n máa pè mí ní Ìyá Ràfíù ni?"

Mo bẹ̀bẹ̀ títí. Ìyàwó wọn, Ìyá Ràfíù gan-an, ló wá gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ìyá di àyà mú, wọ́n ń ké kiri àdúgbò pé ọmú ń dun àwọn, àfi kí ọkọ àwọn sin àwọn dé ọsibítù Ìdó. Ta ló máa fi ọkọ tó ń sin ìyàwó ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́? Àdúgbò ń ṣàdúrà fún ìyá, bàbá ń ṣe "àmín, àmín" bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan!

Ìyá ti fi ọgbọ́n náà tó mi létí, mo sì ń dúró dè wọ́n lọ́hùn-ún. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kí aláìsàn wọlé, ìyá jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n fi ìgúnpá ta ọkọ wọn. "Baálé mi, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè."

Jẹjẹrẹ ni. Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá, wọ́n sì ṣì ń gba ìtọ́jú lọ. Dókítà ní ìgbà tí wọ́n wá yẹn ló kó wọn yọ.

Nígbà tí a padà sí Ìpáò, ibo la ti bá Bàbá Ràfíù? Abẹ́ kánópì, láàárín àwọn obìnrin! Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń yọ ṣùtì láti abẹ́ máńgòrò. Bàbá dìde, wọ́n ká bùbá sókè, àpá hàn gbangba, wọ́n sì gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi.

"Ẹ máa pè mí ní Ìyá Ràfíù! Ìyá Ràfíù tó wà láyé sàn ju Bàbá Ràfíù tó ti kú lọ. Ẹ tọwọ́ bọ bùbá yín!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìtìjú ò wo kókó sàn o. Ta ló ti fọgbọ́n gbé bàbá ẹ̀ lọ sọ́sibítù rí nínú yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ká jọ gbọ́n sí i. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó máa tẹ fóònù, ẹ kọ́kọ́ tọwọ́ bọ aṣọ yín ná!