Òórùn Dídùn Inú Ọkọ̀ Oníjókòó Méjì

Ọdún tí ọkọ mi fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ra ọkọ̀ eré kan, aláwọ̀ pupa, oníjókòó méjì péré. Àlòkù ni. Èkó ló ti lọ gbé e. Nígbà tó wọ àdúgbò wa ní Ọ̀mù-Àrán, ọkọ̀ náà lọ sílẹ̀ débi pé abẹ́ rẹ̀ ń ha gbogbo gegele ojú títì, a sì ń gbọ́ ọ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Mo bi í pé irú ọkọ̀ wo ni bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún rà tí kò lè gbé iṣu mẹ́wàá wálé láti oko. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní láti ìgbà tí òun ti wà nílé ẹ̀kọ́ gíga ni òun ti ń fẹ́ irú rẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ ká fi ẹ̀mí gígùn lò ó. Ohun tó wà lọ́kàn mi, n kò sọ ọ́.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Òórùn ni mo kọ́kọ́ kíyè sí. Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo ṣe jókòó tí mo ti ilẹ̀kùn, òórùn dídùn kan gbá mi nímú, bíi ti súìtì tó yọ́ sínú àpò aṣọ. Kì í ṣe lọ́fínńdà mi. Ọkọ mi kì í sì í fi lọ́fínńdà.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

Ó yára sọ gíláàsì sílẹ̀. "Èmi ò gbọ́ òórùn kankan o."

Bó ṣe yára dáhùn yẹn gan-an ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ mi tutù rinrin. Òjò kò rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tèmi nìkan ló tutù, tirẹ̀ gbẹ. Mo fi ìka kàn án, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wá ń ro ẹni tó lè jókòó síbẹ̀, tó mú ohun mímu aládùn dání, tó sì dà á sílẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ìjókòó ẹ̀yìn nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá bá ọkọ mi jáde, orí ìjókòó mi ló máa jókòó.

Bí mo ṣe di ọlọ́pàá nínú ilé ara mi nìyẹn. Yóò ní òun ń lọ sí oko wa lọ́nà Àrán-Ọ̀rin, yóò sì padà láìsí ẹrẹ̀ lára bàtà. Kó tó wọlé, yóò dúró nídìí ẹ̀rọ omi ìta, yóò fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo táyà iwájú tó rà ní tuntun. Ojú ìta rẹ̀ ṣì dára, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ inú, ó ti dán bí àwo. Oko àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló jẹ táyà tó báyìí? Ibo ló ń lọ?

Fóònù rẹ̀ ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Tí mo bá ti wọ yàrá, yóò dojú rẹ̀ dé orí tábìlì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo gbọ́ ohùn obìnrin kan nínú fóònù náà: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ yìí má kọjá àárín wa o. Ọkọ mi ò tíì mọ̀."

Mo jókòó sórí pèpéle.

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tó ń ṣe tíṣà ní Òrò, ló parí rẹ̀ láìmọ̀. Ó wá kí wa, ó ní, "Mọ́mì, mo tún rí ọkọ̀ Dádì ní Òrò lánàá." Lánàá kan náà ni ọkọ mi sọ pé oko ni òun wà.

Ní ọjọ́ kejì, ó tún ní òun fẹ́ dé oko. Mo ní kó máa lọ dáadáa. Bó ṣe yí kọ́nà tán ni mo dá ọ̀kadà dúró, ó di Òrò. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ tí mo bá bá wọn.

Ọgbà mẹkáníìkì kan ni mo ti rí ọkọ̀ pupa náà. Wọ́n ti tú ìjókòó tèmi, wọ́n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọkọ mi kúnlẹ̀, ó ti orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Bó ṣe rí mi, ó gbá orí mọ́ nǹkan.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Oko yín ni mo wá wò."

Mẹkáníìkì, bàbá àgbàlagbà kan tó dé fìlà funfun, ló dá mi lóhùn. "Rádíétọ̀ kékeré kan wà lábẹ́ ibí yìí, Màámi. Òun ló ń mú inú ọkọ̀ móoru fún àwọn tó wà nílùú òtútù. Ó ti jò. Kúlántì, omi oníkẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀, ló ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ṣé ẹ kì í gbọ́ òórùn kan bíi súìtì?"

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́. Mo ní kó gbé ike tí omi rádíétọ̀ náà ń kán sí wá. Mo gbóòórùn rẹ̀. Òun gan-an ni.

"Táyà ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ọkọ̀ eré máa ń tẹ̀ sínú díẹ̀, kó lè di ilẹ̀ mú. Tìyín ti tẹ̀ jù, òun ló ń jẹ ẹ̀gbẹ́ inú táyà."

Mo wá kọjú sí ọkọ mi. "Obìnrin inú fóònù ńkọ́?"

Ó gbójú sókè. Mo rí i pé ìgbà yẹn gan-an ni ìdí tí mo fi wá tó yé e. Ó nu ọwọ́, ó ṣí fóònù náà fún mi. Ẹgbẹ́ orí fóònù àwọn tó ní irú ọkọ̀ yẹn ni, láti ìlú oríṣiríṣi. Ẹjọ́ ni wọ́n ń rò níbẹ̀ láràárọ̀: òrùlé aláṣọ tó ń jò, bátìrì tó ń kú fúnra rẹ̀, gíláàsì tó jábọ́ sínú ilẹ̀kùn. Obìnrin náà ń gbé ní Ìbàdàn. Ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ló ń mu ọ́ìlì, kò sì fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ sọ pé òun ti wí tẹ́lẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń purọ́ fún mi?"

"Ojú ń tì mí," ni ọkọ mi wí. "O ti sọ fún mi pé ọkọ̀ náà ò wúlò kí n tó sinmi ìrìn Èkó."

Mẹkáníìkì gé rádíétọ̀ kékeré náà kúrò, ó so páìpù rẹ̀ pọ̀, òórùn náà sì lọ. Àmọ́ fún odidi ọjọ́ méjì, ọkọ mi ń dá jẹun. Bí mo ṣe fura pé ó ń yan àlè dùn ún ju bó ṣe fi hàn lọ. Ní ọjọ́ kẹta ni mo bẹ̀ ẹ́, òun náà bẹ̀ mí, a sì jẹun pọ̀.

Ọkọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ wa, ó sì ṣì ń bàjẹ́. Nísinsìnyí, tó bá ń lọ sí Òrò, á ní kí n wọlé ká jọ lọ. Nígbà mìíràn mo máa ń bá a lọ. Nígbà mìíràn, tí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀, mo máa ń ní kó máa lọ, màá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí n kò fi ní gbọ́ ariwo ọkọ̀ mọ́.