Ẹni Tí Ó Gé Apá Òsì Méjì

Mùínàt Odùkọ̀yà ni ó gé apá òsì méjì fún búláòsì kan ṣoṣo. Mo fi orúkọ rẹ̀ ṣíwájú nítorí pé ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn kì í ṣe òótọ́, ó sì ti rìn jìnnà. Kì í ṣe Sìmbíátù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Orí àpótí ni Sìmbíátù jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń jẹ àgbàdo sísun, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọdún 1971 ni, nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí ó bá ti mú sísọ́ọ̀sì dání rí mọ̀ pé bí a bá fẹ́ gé apá búláòsì, a gbọ́dọ̀ ká aṣọ náà sí méjì, kí ojú kọjú sí ojú. Bí a bá gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láì yí èkejì padà, apá kan náà ni a ó gé lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí Mùínàt ṣe nìyẹn. Ó ń kánjú, lẹ́ẹ̀sì kò sì sí mọ́. Ègé tí ó kẹ́yìn lórí igi aṣọ ní ìsọ̀ kan ní Balógun ni ó rà, aláwọ̀ aró, kò sì sí irú rẹ̀ mọ́ níbẹ̀.

Ó yí apá kejì sí òdì kí ó lè bá èjìká ọ̀tún mu. Ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀sì wá di ojú, gbogbo okùn tí wọ́n fi ṣe òdòdó ara rẹ̀ sì ń hàn. Mùínàt mú ọ̀já sányán tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó já lára ìró ìyá ìyá rẹ̀, ó fi bo ibi tí ó burú jù, láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí Yídì, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Kí Ìtúnu Ààwẹ̀ tó dé lọ́dún náà, kò sí ọmọge Àjáh tí kò fẹ́ búláòsì tí apá ọ̀tún rẹ̀ wà ní òdì, tí sányán sì sọ̀ kalẹ̀ lójú rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Apá-kan. Mùínàt ń rán an fún wọn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé àṣìṣe ni. Sìmbíátù nìkan ni ó mọ̀.

Àwọn kan máa ń pe Mùínàt ní télọ̀. Èyí náà kò péye. Ohun tí oníbàárà bá ní kí télọ̀ rán ni télọ̀ ń rán. Ohun tí ojú Mùínàt bá rí ni ó ń rán. Olólùfẹ́ aṣọ ni. Sàídátù ìyá rẹ̀ ń yan ẹja ní etí ọ̀sà, nígbà mìíràn Mùínàt a sì bá àwọn ẹlẹ́ja wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, nítorí pé iyanrìn ni ọ̀nà ilẹ̀ wa nígbà náà títí dé Máròkó. Bí wọ́n bá ti gúnlẹ̀, àwọn yòókù a gba ọjà ẹja lọ, òun a gba òpópónà àwọn ilé ìtajà ńlá, níbi tí wọ́n ti wọ aṣọ fún ère obìnrin sẹ́yìn dígí. A dúró níbẹ̀ títí òòrùn yóò fi mú. Bí ó bá padà dé, agbọ̀n rẹ̀ a ṣófo. Ìyá rẹ̀ a ní ojú ni ọmọ yìí ń gbé lọ sọ́jà, ojú náà ni ó sì ń gbé bọ̀.

Kò sí àṣà tí ó dé tí kò ní ohun tí yóò sọ sí i. Nígbà tí bàtà gogoro dé, ó ní ó dára fún ẹni tí sìmẹ́ńtì wà lójúde rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ lórí iyanrìn Àjáh, ó ń gbin ara rẹ̀ ni. Nígbà tí òlèkú dé, tí ìró kò kọjá orúnkún mọ́, àwọn àgbà bínú. Mùínàt ní ìró kúrú kò burú, ẹsẹ̀ tí kò tíì mọ ìpara ni ó burú. Nígbà tí owó Údójì bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí lẹ́ẹ̀sì kún gbogbo ìgboro, ó ní àwọn ènìyàn kò wọ aṣọ mọ́, iye tí wọ́n rà á ni wọ́n ń wọ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà bọ̀ láti Yídì ni ibi ìfihàn aṣọ tirẹ̀. Bí ìrun bá ti parí, òun àti Sìmbíátù a sáré ṣíwájú lọ jókòó sábẹ́ igi àgbọn, wọn a sì máa wo gbogbo ẹni tí ó bá kọjá. Mùínàt ni ó ń wo bí wọ́n ṣe gé aṣọ, Sìmbíátù ni ó ń bú oníaṣọ. Òun ni ó ní gèlè Ìyá Ràṣídì dà bí ilé tí wọ́n kan páànù rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ògiri.

Ọ̀rẹ́ àǹkóò ni àwọn méjèèjì. Ẹni tí kò gbé àdúgbò wa lè rò pé kí aṣọ ọ̀rẹ́ méjì bára mu ni gbogbo àǹkóò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ aṣọ náà láìsí ẹnì kejì. Lọ́dún kan tí ibà dá Sìmbíátù dùbúlẹ̀ ní Iléyá, aṣọ tuntun Mùínàt wà nínú àpótí, ó ti lọ̀ ọ́ pàápàá, ṣùgbọ́n ògbólógbòó àdìrẹ ni ó wọ̀ lọ kírun. Ìyá rẹ̀ bá a wí. Mùínàt ní aṣọ yẹn kò tíì tó wọ̀.

Sìmbíátù ti lọ gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Èkó, ó ka mọ́dà skúù lẹ́yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́ Òyìnbó dáadáa. Obìnrin aláṣọ kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Ọlákẹ́mi gbà á sí ìsọ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1976 ni ó mú ìròyìn wá sílé pé Àǹtí Ọlákẹ́mi fẹ́ ṣe ìfihàn aṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Victoria Island. Àwọn omidan yóò wọ aṣọ, wọn yóò rìn lórí pèpéle níwájú àwọn ènìyàn pàtàkì, nígbà tí ó bá sì parí, wọn yóò pe ẹni tí ó dá àrà aṣọ náà jáde kí gbogbo ayé lè rí i. Ó ní Apá-kan ni Àǹtí Ọlákẹ́mi fẹ́.

Mùínàt kò béèrè ohun tí wọn yóò fún òun. Ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè: ṣé wọn yóò pe orúkọ òun?

“Ta ni wọ́n tún fẹ́ pè?” ni Sìmbíátù wí. “Èmi ni mo máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Ìwọ ṣáà máa rán an.”

Láti ìgbà òjò ni Mùínàt ti ń rán an. Ó ṣe Apá-kan lára àdìrẹ, ó ṣe é lára àrán, ó ṣe ọ̀kan tí apá ọ̀tún rẹ̀ gùn dé orúnkún. Bí ó bá ti parí díẹ̀, Sìmbíátù a dì í sínú báàgì, a wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí Èkó. Láàárín àkókò yìí kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ra lẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ọsàn kan ní Balógun, wọ́n pín in sí méjì. Ti Iléyá nìyẹn.

Ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá ni ìfihàn aṣọ náà. Búláòsì aláwọ̀ aró ti ọjọ́sí ni Mùínàt wọ̀ lọ, apá òsì méjì náà gan-an. Ó rò pé bí wọ́n bá pe òun, ó yẹ kí wọ́n rí ìyá àwọn yòókù. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi í jókòó sí. Pèpéle náà gùn bí èbúté onípákó, àwọn omidan sì ń gba orí rẹ̀ bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ni alárán. Mùínàt sọ fún mi pé òun kò wo ojú ọmọ náà rárá, apá aṣọ ni òun ń wò, ó sì dúró dáadáa. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan tí ó jókòó tì í, tí ó wọ wúrà dé ìgbọ̀nwọ́, bi í bóyá ó mọ ẹni tí ó rán an.

“Ẹ dúró ná, Mà,” ni Mùínàt wí. “Wọ́n á pè é.”

Nígbà tí aṣọ tán, wọ́n pe ẹni tí ó ni í. Sìmbíátù ni ó jáde. Lẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ọsàn ni ó wọ̀.

Ìdajì ti Mùínàt ṣì wà nínú àpótí ní Àjáh, sísọ́ọ̀sì kò tíì kàn án. Ó ní ìgbà tí òun rí àwọ̀ yẹn lórí pèpéle ni òun ti mọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n kò tíì rí èyí tí ó burú jù. Sìmbíátù gba ohun tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ kí ohùn lè lọ sókè, ó sì ń sọ Òyìnbó. Ó mú apá aṣọ méjì tí a kò tíì rán mọ́ ara. Ó fi ọ̀kan lé èjìká òsì rẹ̀. Ó fi èkejì lé èjìká òsì kan náà. Ó wò wọ́n, ó ya ẹnu, ó gbé ọwọ́ lé orí bí ẹni tí àjálù bá. Gbogbo gbọ̀ngàn náà bú sẹ́rìn-ín. Mùínàt kò gbọ́ Òyìnbó tí wọ́n ń sọ, kò sì nílò rẹ̀.

Obìnrin oníwúrà náà ṣàánú rẹ̀, ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un.

“Ó ní òun ni òun gé apá òsì méjì nígbà tí òun ṣì wà lábúlé, aṣọ ò sì sí mọ́. Ọmọ yẹn gbọ́n o.” Ó wá wo apá búláòsì Mùínàt. “Ẹ̀n-ẹ́n, ìwọ náà ti rán tìẹ. Ẹ mà tètè ń wò ó kọ́ o.”

Mùínàt dìde, ó sì bá àwọn ẹlẹ́ja wọ ọkọ̀ padà sílé.

Ìwé ìròyìn kan gbé àwòrán Sìmbíátù jáde pẹ̀lú ìtàn apá òsì méjì. Mọ́rúfù onígbàjámọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìsọ̀ rẹ̀, nítorí pé wọ́n dárúkọ Àjáh nínú rẹ̀. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìròyìn náà láti tún un ṣe. Wọn kò tẹ̀ ẹ́. Mo bi Fàúsátù, ẹni tí Mùínàt fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán Apá-kan fún lọ́dún 1971, bóyá kò rántí ni. Ó rántí dáadáa. “Ṣùgbọ́n, Tíṣà,” ni ó wí, “ṣé ìwé ìròyìn á wá máa parọ́ ni?”

Ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀la ni Sìmbíátù wálé. Ó bá Mùínàt lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń yan ẹja. Mùínàt ti àpótí sí i pé kí ó jókòó, àpótí ọjọ́sí náà ni. Sìmbíátù ṣàlàyé títí. Ó ní Àǹtí Ọlákẹ́mi ni ó fẹ́ ẹni tí yóò lè bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Ó ní òun fẹ́ pe Mùínàt sókè, ọ̀rọ̀ ni ó yí mọ́ òun lẹ́nu. Ó ní lẹ́ẹ̀sì ọsàn nìkan ni aṣọ tí ó bójú mu tí òun ní lọ́jọ́ náà.

“Jẹ́ ká sọ òótọ́, Mùí. Tí wọ́n bá pè ọ́, tí wọ́n fi Òyìnbó bi ọ́ ní ìbéèrè, kí lo máa sọ?”

“Orúkọ mi. Bó ṣe ń jẹ́ ní Yorùbá náà ló ń jẹ́ ní Òyìnbó.”

Sìmbíátù wo ilẹ̀. “Aṣọ lásán ni, Mùí.”

“Tó bá jẹ́ aṣọ lo kó, mo lè rán òmíràn. Àṣìṣe yẹn ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣe é láyé mi.”

Sàídátù yí ẹja tí ó wà lórí iná padà, kò gbójú sókè. “Sìmbíátù,” ni ó wí, “wọ lẹ́ẹ̀sì ọsàn yẹn lọ sí Yídì lọ́la o. Aṣọ náà ti dá jáde rí, ó ti mọ̀nà.”

Nígbà tí Sìmbíátù lọ, Mùínàt gbé ìdajì lẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ jáde. Ó ká a sí méjì, ó kọ ojú sí ojú, ó gé apá òsì kan àti apá ọ̀tún kan. Kò fi sányán sí i. Aṣọ tí ó wọ̀ lọ kírun nìyẹn, ó péye, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Kò dúró lábẹ́ igi àgbọn. Nígbà tí ó ń bọ̀ láti Yídì, àwọn obìnrin pagbo yí Sìmbíátù ká, wọ́n ń fọwọ́ kan apá aṣọ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó wo Mùínàt, Nùsírátù aládùúgbò wa, kò sì fi ibi sọ ọ́.

“Mùínàt, ìwọ ò rán Sìmbí ni? Gbogbo ayé ló ń rán an báyìí o.”

Sìmbí ni wọ́n ti ń pe aṣọ náà. Mùínàt ní òun ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gé e.

Láti ọjọ́ náà kò gé Apá-kan mọ́ fún ẹnikẹ́ni, bí wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ tó. Àwọn tí ó bá fẹ́ Sìmbí gbé aṣọ wọn lọ sí Èkó. Kò bá ẹnikẹ́ni ra àǹkóò mọ́, kò sì bá àwọn ẹlẹ́ja lọ wo dígí mọ́. Lọ́dún 1979, lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, ó kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó kúrò ní Àjáh. Kí wọ́n tó la ọ̀nà ńlá dé ọ̀dọ̀ wa, aṣọ náà ti kọjá lọ. Èjìká gíga ni ó gbòde. Ṣùgbọ́n ìtàn apá òsì méjì kò kọjá. Mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ kíláàsì mi lọ́dún tó kọjá, orúkọ Sìmbíátù ni ó sì fi sí i.

Ìgbà ìkẹyìn tí a gbúròó Mùínàt Odùkọ̀yà ni ọdún 1986. Ẹ̀pẹ́ ni ó wà, ní ilé kan ní ọ̀nà etí omi, ó ń rán yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.