Kí Lo Rí Lónìí?

Àwọn obìnrin tó máa ń wá ra aṣọ ìbora lọ́wọ́ mi a máa béèrè ibi tí mo ti ń rí àrà tí mo ń dá sí i lára. Wọ́n á tẹ́ ọ̀kan sórí itan, wọ́n á fi ìka tọ àwọn àgékù tí mo rán pọ̀ láti igun dé igun, wọ́n á ní, "Ìyá, níbo lẹ ti rí èyí?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé Ọlọ́run ló ń fi hàn mí. Irọ́ ni. Ìyáálé ìyá mi ló kọ́ mi. Ìkà obìnrin ni, ọ̀nà tó sì gbà kọ́ mi kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sọ fún oníbàárà.

Bouaké, ní ilẹ̀ àwọn Baoulé, ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò Belleville. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, bàtà ló ń tà ní àdúgbò Commerce, ìyàwó méjì ló sì fẹ́. Ìyá mi ni ìyàwó kékeré. Mo ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tó kú, èmi nìkan ló sì bí. Àpótí onípákó kan ló fi sílẹ̀, aṣọ kún inú rẹ̀. Ẹtù wà níbẹ̀, àdìrẹ wà níbẹ̀, aláàárì tí wọ́n fi gbé e níyàwó náà wà níbẹ̀, ó pupa bí erùpẹ̀ ọ̀nà Sakassou. Lọ́dọ̀ tiwa, ogún ọmọbìnrin ni aṣọ ìyá rẹ̀. Wọ́n ní kí n dàgbà ná. Wọ́n fi àgádágodo ti àpótí náà, wọ́n tì í sábẹ́ ibùsùn ìyáálé, òun náà ló sì gba kọ́kọ́rọ́.

Kò pẹ́ sí i ni ìjọba já owó sefa tí à ń ná sí méjì. Ẹni tó so owó mọ́ ìdí sùn jí láàárọ̀, ìdajì ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni olè kankan ò wọlé. Bàtà bàbá mi di ohun tí àwọn ènìyàn ń gbé wò, tí wọ́n sì ń gbé padà sílẹ̀. Kúbúsù tó ń ti òkè òkun wá di nǹkan àwọn olówó. Ìyáálé ronú sí i, ó gbé àpò, ó ń káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn télọ̀, ó ń ṣa àgékù aṣọ tí wọ́n gbá jọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń rán wọn pọ̀ ní aṣọ ìbora, ó sì ń fi àpò ìrẹsì tó fọ̀ ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ mọ aṣọ í rán, kò sí irọ́ níbẹ̀. O lè fa ojú ìránṣọ rẹ̀ títí, kò ní tú. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò mọ nǹkan í wò. Bí àgékù bá ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́ ló ń rán an. Èyí àkọ́kọ́ tó rán, bàbá mi tẹ́ ẹ, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ní, "Àwa Mùsùlùmí la ó wá máa fi ẹ̀kú eégún bora?" Kò sẹ́ni tó rà á.

Èmi ni mo bá a to èkejì. Obìnrin Baoulé kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa tó máa ń sá ata àti ilá sórí ẹní nínú àgbàlá rẹ̀, pupa kan, àwọ̀ ewé kan, etí ẹní á yọ láàrin wọn. Mo to àgékù náà bí mo ṣe rí ata. Aṣọ yẹn kò tiẹ̀ dé orí igbá tí wọ́n fi rà á. Lọ́jọ́ kejì, mo ti iléèwé dé, mi ò tíì sọ báàgì kalẹ̀, ìyáálé ní, "Kí lo rí lónìí?"

Mo ní mi ò rí nǹkan.

Ó fa àpótí ìyá mi jáde lábẹ́ ibùsùn. Ó dojú àpótí náà kọ ara rẹ̀, ó ṣí i díẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa ẹtù yọ. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé igun rẹ̀ lójú mi. "Lọ́jọ́ tí o ò bá rí nǹkan," ó ní, "ìyá ẹ ni yóò máa yá mi ní tiẹ̀." Ó rán ẹtù náà sí àárín gbùngbùn aṣọ ìbora, ó sì tà á. Nígbà tó yá, mo rí aṣọ yẹn lórí okùn níwájú ilé kan ní Belleville kan náà. Ọmọ wọn ti tọ̀ sí i lára, wọ́n sá a sóòrùn. Ẹtù tí ìyá mi máa ń ró lọ síbi ìkómọ ni ìtọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ń gbẹ lójú rẹ̀ yẹn. Mo dúró níbẹ̀ títí obìnrin ilé náà fi jáde, tó bi mí bóyá mo fẹ́ jí i ni.

Mo fi ẹjọ́ sun bàbá mi. Ó ń ka bàtà. Ó ní, "Ìyá ẹ ni. Ohun tó bá ní kó o ṣe, ṣe é." Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé èmi àti àpótí yẹn ò ní ẹlòmíràn.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo ayé nìyẹn. Mo wo òrùlé níbi tí páànù tuntun ti pàdé èyí tó ti dípẹtà. Mo wo ògiri àwọn ìsọ̀ Commerce tó ní bíríkì oníhò, bí òjìji ihò náà ṣe máa ń gùn sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mo wo tapólì orí ọkọ̀ akẹ́rù, àlẹ̀mọ́ lórí àlẹ̀mọ́. Mo wo àtẹ bàbá olóbì, bó ṣe to funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa tó sì ń fi ewé pààlà. Bí mo bá ti délé, mo máa ń rò ó fún ìyáálé. Bí mo bá ní nǹkan kan dára, ó máa ń fa àlùmọ́gàjí rẹ̀ mọ́ra bí ẹni fẹ́ dìde. "Má sọ fún mi pé ó dára. Sọ ohun tó kángun sí èwo fún mi." Bí mo bá rò fún un ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí, á ní, "Gbogbo ènìyàn ló rí ìyẹn. Ṣé ojú ẹ ni mò ń bọ́ àbí ojú gbogbo Bouaké?" Ó máa ń gbá mi lórí bí mo bá pa àwọ̀ méjì tí wọ́n ń jà pọ̀, kì í sì í yìn mí bí wọ́n bá rẹ́. Nígbà mìíràn, bí ìrònú mi bá lọ́ra, á kàn fi ẹsẹ̀ kan àpótí náà. Ó wúwo. Ìró rẹ̀ lásán ti tó láti la ojú mi.

Mo kórìíra rẹ̀. Mo máa ń gbàdúrà pé kó fọ́jú, àfi bí mo bá wá rántí pé kò nílò ojú, èmi ló ń lò.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ ilẹ̀, ta ni àjèjì, gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò, wọ́n ń sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Obìnrin Baoulé tó ń sá ata, tí mo ti máa ń jókòó nínú àgbàlá rẹ̀ láti kékeré, dúró sẹ́nu géètì lọ́jọ́ kan, ó na ọwọ́ dí mi. "Anago," bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀yà wa níbẹ̀, "lọ wo ilé yín." Mo padà. Ilé wa wo? Mi ò fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Láti ọjọ́ náà, ibi tí mo lè dúró wò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ wa ní ìgboro náà dín kù, ìyáálé wá ní kí a máa gbé e lọ sí ọjà Sakassou.

À ń bọ̀ láti ibẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ìyáálé jókòó sísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù, èmi wà lókè lórí iṣu nítorí pé ààyè ti tán. Àwọn jàndáámù, ọlọ́pàá oníbọn, ti gbé igi dábùú ọ̀nà. Wọ́n ní kí gbogbo àjèjì bọ́ sílẹ̀. Ìwé àṣẹ tí ìyáálé fi ń gbé ìlú ti kọjá àsìkò. Jàndáámù kan wò ó, ó ya á sí méjì, ó jù ú sínú koríko, ó sì ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ó wá gbójú sókè, ó nawọ́ sí mi. Kí n tó la ẹnu, ìyáálé ti fi èdè Júlà dá a lóhùn pé ọmọ Baoulé ni mí, pé ìyá mi ló rán mi wá ra iṣu. Jàndáámù náà fi èdè Baoulé kí mi. Mo dá a lóhùn bí ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ṣe ń dáhùn, torí pé ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí. Ó fi mí sílẹ̀.

Wọ́n ní kí àwọn obìnrin tó kù nílẹ̀ tú gèlè, kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n to bàtà síwájú ara wọn, kí wọ́n sì jókòó sínú oòrùn ní ìlà-ìlà. Ìyáálé ló wà ní igun. Ìró aláwọ̀ ìyeyè tí bàbá mi rà fún un lọ́dún ààwẹ̀ kan ló ró. Irun iwájú rẹ̀ ti funfun. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé kì í ṣí orí sílẹ̀ lójú wa. Orúnkún ń dùn ún, kò lè ká ẹsẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìlà náà sì wọ́ níbi tó wà. Jàndáámù fi ìdí ìbọn tì í pé kó tò. Ó gbìyànjú, ó tún wọ́.

Inú mi dùn. Mi ò ní fi bò. Mo wò ó láti orí iṣu, mo ń sọ nínú ara mi pé, ìwọ tó gé aṣọ ìyá mi, jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, adùn yẹn lọ, ojú mi wá ń ṣe iṣẹ́ tó ti kọ́. Erùpẹ̀ pupa kángun sí bàtà, bàtà kángun sí ìró, ìró kángun sí orí tó ṣí sílẹ̀, erùpẹ̀ pupa tún bẹ̀rẹ̀. Ní igun, ìyeyè kan tí kò tò. Mi ò rí i bí ènìyàn mọ́. Mò ń kó o sórí kí awakọ̀ tó ṣíná.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìyáálé tó dé, lẹ́yìn tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn apá kan nínú ọ̀nà. Erùpẹ̀ bò ó dé ìbàdí. Bàbá mi ti lọ bá àwọn àgbà ìlú wa nítorí rẹ̀, èmi nìkan ló bá nílé. Mo gbé omi fún un, kò mu ún. Mo bi í ìdí tó fi sọ pé ọmọ Baoulé ni mí, nítorí pé láti ọ̀nà ni mo ti ń rò ó pé bóyá ó fẹ́ràn mi díẹ̀.

"Ta ló ń fi ojú ẹ̀ sílẹ̀ fún jàndáámù?" ó ní. Ó jókòó sórí ẹní, ó na orúnkún, ó fa àlùmọ́gàjí sọ́dọ̀. "Kí lo rí lónìí?"

Mo rò ó fún un. Mi ò dín nǹkan kù. Mo rò bàtà tí wọ́n tò, mo rò gèlè tí wọ́n tú, mo rò orí tó funfun níwájú. Mo ní gbogbo ìlà ló tò àfi igun kan. Mo ń retí ìgbájú.

"Àwọ̀ wo ló wà ní igun?"

"Ti ìró tí ẹ ró yìí ni."

Ó dìde, ó tú ìró náà, ó ku òun àti yẹ̀rì. Ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù, ó ti àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́ láti etí. "Ilé ọba tó jó," ó ní, "ẹwà ló bù sí i." Kò rẹ́rìn-ín.

A tú àgékù sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sí i àfi ilẹ̀. Pupa tó wà nínú àgékù àwọn télọ̀ ń dán, erùpẹ̀ kì í dán. Mo fi èyí sí i, mo yọ ọ́, mo fi ìyẹn sí i. Ó dùn mí bí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Mo wá gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Ẹ ṣí àpótí. Aláàárì ìyá mi ni ilẹ̀ yẹn."

Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn. Aṣọ tí mo ti ń fi ojú mi rà padà lójoojúmọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ nǹkan í wò, èmi ni mo ní kí wọ́n gé e.

Ìyáálé wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. "Ṣí i fúnra ẹ."

Mo fà á jáde, mo ṣí i. Ọmọ ọlọ kan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi àpò ìrẹsì wé e. Òórùn káńfọ̀ pàápàá ti lọ.

"Wọ́n dà?"

"A jẹ wọ́n." Ó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. "Lọ́dún tí wọ́n já owó. Ìrẹsì tó ò ń jẹ kó o tó lọ síléèwé, kí lo rò pé a fi ń rà á? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bàbá ẹ ló gbé wọn lọ tà. Ìwọ náà jẹ níbẹ̀, o tún ń béèrè èèpá ìdí ìkòkò. Ẹtù tí mo gé lójú ẹ yẹn nìkan ni mo dá dúró, òun náà sì ti tán sára aṣọ ìbora."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń bi mí lójoojúmọ́?"

"Bí mo bá sọ fún ọ pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀, ṣé wàá máa wò?"

Mo ti àpótí náà padà sábẹ́ ibùsùn pẹ̀lú òkúta inú rẹ̀. Ó ní kí n wá nǹkan fi ṣe ilẹ̀. Mo mú àpò ìrẹsì kan, mo rẹ ẹ́ sínú omi tó fi wẹ erùpẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, ó pupa tó.

Ó mú ìyeyè tó gé láti ara ìró rẹ̀, ó gbé e sí igun, ó ń fi àtàńpàkò tẹ́ ẹ kó lè tò. Ó ní kí n di etí rẹ̀ mú kí ìlà má bàa wọ́.

Mo ní, "Ibẹ̀ yẹn, ṣe ni kí ẹ jẹ́ kó wọ́."

Ó gbójú sókè, ó wò mí. Ó tú ojú ìránṣọ tó ti fi lé e, ó sì rán an ní wíwọ́.