Ó Dìgbà, Bàbá Olóbúkọ: Wọ́n Fi Àga Rọ́pò Yín

Ó dìgbà o, Bàbá Olóbúkọ! Ẹ lọ nígbà tí ẹ kò tíì bá wọn wí tán. Àwọn ẹbí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ẹkún sí ìwé ètò ìsìnkú yìí. Mo gbìyànjú. Ìbínú ni ó ń jáde.

Èmi ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí ó gba yàrá ẹ̀yìn nílé yín ní Kabba. Nígbà tí mo dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, n kò mọ ẹnikẹ́ni. Bí àwọn ará àdúgbò bá kí mi pé "Okun o," bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbẹ̀, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ẹ̀yin kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ẹ kàn ti ọwọ́ bọ Òbúkọ, ọmọláńgidi aláṣọ yín, ẹ yọ orí rẹ̀ lójú fèrèsé mi: "Okun o, akẹ́kọ̀ọ́! Ṣé koríko wà níbẹ̀?" Òbúkọ ni mo kọ́kọ́ dá lóhùn ní ìlú yìí.

Aṣọ pupa tí ìyàwó yín, Màmá Abíbátù ọmọ Òkè-Bùkún, fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ni awọ Òbúkọ. Àtẹ́lẹ̀ bàtà ni ètè rẹ̀, òwú ni irùngbọ̀n. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ẹ ó kì í sínú àpò, ẹ ó wọ lọ́rì lọ sí Ìlọrin níbi tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wà. Ọlọ́pàá kan tẹ àpò náà wò lójú ọ̀nà, ó ní kí ló dé tí ẹran yìí kò ké. Ẹ ní, "Ọ̀gá, ó ń tọ́jú ohùn." Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ Kabba á kún gbọ̀ngàn ìlú, níwájú tẹlifíṣọ̀n. Òbúkọ á jókòó sórí àga rẹ̀, á ní, "Okun o, ẹ̀yin ọmọ mi!" Gbọ̀ngàn á sì mì.

Ta ni ó gbàgbé Kérésì àti Iléyá ìgbà náà, tí ọmọ onígbàgbọ́ àti ọmọ mùsùlùmí jọ di okùn ẹran mú, tí wọ́n ní baba àwọn kò ní í pa á? Àwọn baba wá bẹ̀ yín. Òbúkọ fúnra rẹ̀ ni ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa àgbò. Èmi àti àgbò kò tan."

Lẹ́yìn náà ni lọ́rì tí ẹ wọ̀ kọṣẹ́ lọ́nà Ìlọrin. Àkókò ètò tó, àga Òbúkọ nìkan ni ó wà níbẹ̀, àga náà ni wọ́n sì fi hàn. A kọ́ ọmọ wa níhìn-ín pé kí wọ́n kí àgbà títí yóò fi dáhùn. Wọ́n kí àga náà títí ètò fi parí. Àwọn ọ̀gá tẹlifíṣọ̀n ní Ìlọrin gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Bí àga bá tó wọn, kí la fẹ́ fi òbúkọ ṣe?" Nígbà tí ẹ tún dé, ẹnu géètì ni wọ́n ti dá yín padà. Àga ni wọ́n ń fi hàn títí ó fi sú àwọn ọmọ, wọ́n sì gba ìjàkadì sílẹ̀ bo gbogbo téèpù Òbúkọ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ọmọ Kabba kò mọ ìyàtọ̀. Irọ́ ni! Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè.

Àwọn ọ̀gá yìí kan náà ti wá ránṣẹ́ báyìí. Wọ́n ń bọ̀ wá sí ìsìnkú pẹ̀lú òdòdó, wọ́n á sì gbé Òbúkọ lọ sínú àpótí gíláàsì ní Ìlọrin. Àwọn àgbà ẹbí ní ọlá ni. Igun ni mo jókòó sí, n kò lè la ẹnu. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí ẹ sọ lórí ibùsùn àìsàn: "Òbúkọ tí kò bá sọ̀rọ̀, àpò lásán ni." Nígbà tí àwọn àgbà tú ká, Màmá gbé Òbúkọ lé mi lọ́wọ́: "Gbà, ìwọ tí kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ló kún inú rẹ jù."

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń ka ìwé yìí lórí ìjókòó iwájú, ẹ má wulẹ̀ wá a kiri. Ọwọ́ mi ni ó wà. Ẹ ti ní àga tẹ́lẹ̀. Àga ni kí ẹ lọ gbé sínú gíláàsì.

Bàbá, bí wọ́n bá ń gbé yín jáde, Òbúkọ yóò kí àwọn ọmọ lójú ọ̀nà. Ohùn mi yóò gbọ̀n, ẹ má bínú. Wọ́n á dáhùn. Ẹ̀yin ti dáhùn tó.

Ẹ sùn re o, Bàbá Olóbúkọ. Okun o.

Fọlákẹ́, ọmọ yàrá ẹ̀yìn