Ìbọ̀wọ́ tí Glenys Rà fún Òkè Poatina

Ẹ̀rù òtútù ń ba Glenys Tranter ju ẹ̀rù ikú lọ. Láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú ló ti ń fi alùpùpù gbé lẹ́tà àti oògùn fáwọn àgbẹ̀ orí òkè Poatina, kò sì sẹ́ni tó rí i kó sá rí. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, òtútù mú kí ìka rẹ̀ gan mọ́ irin bíréèkì bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti Miena, abúlé kan lórí òkè náà. Kò lè fún un mọ́. Inú kòtò ló bá ara rẹ̀. Des, ọkọ rẹ̀, ní kó fiṣẹ́ sílẹ̀. Glenys ní ta ni yóò wá gbé oògùn náà?

Bí oṣù kẹfà, tí òtútù ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ṣe wọlé, tòun ti àyà jíjá, ó forí lé ṣọ́ọ̀bù Noreen, ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tẹ́nu rẹ̀ mú bí abẹ. Noreen ti de ọwọ́ alùpùpù àtijọ́ kan, tòun ti irin bíréèkì rẹ̀, mọ́ orí káńtà. Kò sẹ́ni tí í ra ìbọ̀wọ́ níbẹ̀ láì kọ́kọ́ fi ìbọ̀wọ́ náà di í mú.

"Di í mú, kó o fún bíréèkì."

"Noreen, mi ò wá ṣeré. Èyí tó nípọn jù, tómi ò lè wọ̀, ni kó o fún mi."

"Ìyẹn? Ìrọ̀rí nìyẹn! Ṣé o fẹ́ lọ sùn lórí òkè ni?"

"Máa rẹ́rìn-ín. Ìwọ kọ́ lo ṣubú sí kòtò."

"Ó dáa, ọ̀rẹ́ mi. Ṣáà fún irin yìí ná."

Glenys ò fún un. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, yóò sá. Ó ki ọwọ́ bọ inú ìbọ̀wọ́ tó nípọn náà, ó móoru bíi búrẹ́dì àárọ̀, ó bá rà á.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ gòkè, òjò olómi-dídì ń rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó gbóná. Bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, orin ló ń kọ nínú akoto. Ní kọ́nà kan, wálábì kan, ẹranko ìgbẹ́ tó ń fò bíi kangarú kékeré, tọ bọ́ sójú ọ̀nà, ó dúró, ó ń wò ó.

Glenys fún bíréèkì. Alùpùpù ò tilẹ̀ dín eré kù. Ó tún fún un. Àṣé ìbọ̀wọ́ lásán ló ń fún, ìka rẹ̀ ò tíì kan irin rárá! Ó fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, ni táyà bá yọ̀ lọ sápá ọ̀gbun.

"Mo kú o!"

Wálábì bẹ́ wọgbó. Alùpùpù forí gbá òkúta etí ọ̀nà, ó dúró. Ìsàlẹ̀ òkúta yẹn, òfìfo ni.

Glenys feyín bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, ó sì fọwọ́ lásán di bíréèkì mú títí dé ìsàlẹ̀ òkè. Òtútù ń ta á bí agbọ́n. Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n bó bá ṣe ń ta á ló fi ń mọ̀ pé ìka òun ṣì wà lórí irin.

Lọ́jọ́ kejì, ní ṣọ́ọ̀bù, Noreen rí ọwọ́ rẹ̀ tó wú, kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìbọ̀wọ́ mìíràn tómi ò lè wọ̀ wá, tó fẹ́lẹ́. Glenys wọ̀ ọ́, ó di ọwọ́ alùpùpù orí káńtà mú, ó dijú, ó fún bíréèkì, ìka rẹ̀ sì kan irin.

"Èyí ò móoru tó yẹn o," Noreen wí. "Òtútù á máa ta ọ́."

Glenys tún fún irin náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Kó ta mí," ó wí. "Jọ̀ọ́, kó ṣáà máa ta mí."