Òrí tí Mo Fi Ra Bíréèkì

Ọdún tí iná ọ̀dàn jó abà wa lọ́nà Àgọ́-Àmọ̀dù, tí iṣu tó kù kò kọjá ẹ̀bù, ọdún yẹn náà ni bíréèkì ọkọ̀ ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ mú. Ọkọ̀ àtijọ́ ni. Ó ti wà nílé kí n tó bí ìbejì. Kí ọkọ mi tó kú, ó kọ́ mi ní wíwà á, ó kọ́ mi ní títú u. Iṣu Ìgbòho tí mò ń tà ní Ìsẹ́yìn, ọkọ̀ yìí ni mo fi ń kó o.

Àbúrò ọkọ mi, tí wọ́n di olórí ilé lẹ́yìn rẹ̀, gbóòórùn èéfín lára táyà iwájú.

“Ìyàwó wa, irin yìí ti tó tà. Ní Jímọ́ọ̀, àwọn tó ń ra irin àlòkù á wá gbé e.”

“Ọkọ mi, tí mo bá tún un ṣe ńkọ́?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Tó bá dúró nígbà tó yẹ, tó sì lọ nígbà tó yẹ, n ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.”

Mo tú táyà. Irin kan wà tó ń fún àwo bíréèkì tó ń bá táyà yí mọ́ra, kálípà ni wọ́n ń pè é. Písítìn méjì ló wà nínú rẹ̀ bí agolo kékeré, rọ́bà yí wọn ká. Wọ́n ti gan. Kí ni mo ṣe? Mo bu òrí, mo fi ra wọ́n lára. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ohun tó bá ti gan, òrí ni: orúnkún, ètè, ara ọmọ ọwọ́. Àwọn písítìn náà wọlé wẹ́rẹ́, inú mi dùn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, rọ́bà ti wú, písítìn kan ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, táyà kò yí mọ́ rárá.

Mẹkáníìkì àdúgbò wa wò ó, ó pariwo: “Ìyá Ìbejì! Ṣé ọmọ tuntun ni bíréèkì tí ẹ fi ń fi òrí ra á?”

“Pa ẹnu ẹ dé, kó o fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí.”

Ó fún mi ní rọ́bà tuntun. Ó ní omi bíréèkì nìkan ni rọ́bà yẹn mọ̀, kò mọ òróró kankan. Ó tún fi ohun tí ọkọ mi kò kọ́ mi hàn mí: wọ́n bu ẹnu písítìn kọ̀ọ̀kan níbì kan bí ẹni gé àkàrà jẹ, ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀nà tí àwo ń yí gbà wọlé. Mo gé páálí ọṣẹ, mo fi ń wọ̀n ọ́n bóyá ibi gígé náà kọjú síbi tó yẹ. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi tì í wọlé, n ò fọwọ́ kan òòlù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo yọ ìkejì kó tó jókòó dáadáa.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ́ọ̀ tán, ọkọ̀ àwọn onírin ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, “Ọkọ mi, ẹ wọnú ọkọ̀, ẹ jókòó.” Mo gbé wọn gun òkè ẹ̀yìn ọjà, mo jẹ́ kó máa sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ bíréèkì. Ó dúró gbọin! Fìlà wọn bọ́ sílẹ̀. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan irin táyà. Kò jó wọn lọ́wọ́. Nígbà tí a délé, wọ́n ní kí àwọn onírin máa lọ.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ mi wá ń jiyàn lórí ẹni tí ọkọ̀ náà máa kàn. Mo sọ fún wọn pé: “Ẹni tó bá tú kálípà rẹ̀, tó sì tò ó padà níṣojú mi láìjẹ́ pé mo bá a wí, òun ló ni ín. Títí dìgbà yẹn, etí ìró mi ni kọ́kọ́rọ́ wà.”