Ọjọ́ tí Àǹtí Bùkọ́lá Gé Sányán Ìyá Àgbà

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi gé aṣọ ìyá àgbà wa nítorí fídíò ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá àgbà ti gbé sányán náà wá sí Jọ́ọ̀sì. Gbogbo wa nílé wa ní Tudun Wada la mọ̀ pé òun ni wọ́n fẹ́ kí a fi sin wọ́n. Inú àpótí ló wà, wọ́n sì máa ń tì í pa.

Lọ́jọ́ náà, ìyá àgbà lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Àǹtí Bùkọ́lá, tó máa ń fi ìmúra rẹ̀ hàn lórí fóònù, mú kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí wọn, ó gbé aṣọ náà lọ bá télọ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, sányán ti di jákẹ́ẹ̀tì péńpé. Ó wọ̀ ọ́, ó ń jó nínú fídíò, àwọn tó ń wò ó lórí fóònù wọn ń yìn ín.

Ẹnu ijó yẹn ni ìyá àgbà bá a. Wọ́n fọwọ́ kan jákẹ́ẹ̀tì náà.

"Kai, Bùkọ́lá. Aṣọ mi nìyí?"

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ wo bí àwọn èèyàn ṣe fẹ́ràn rẹ̀."

Mo já fóònù náà gbà, mo fẹ́ là á mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà di ọwọ́ mi mú.

"Fún un. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni kó pè wá sin mí."

Fídíò náà ṣì wà lórí fóònù, àwọn èèyàn ṣì ń yìn ín. Ìyá àgbà kì í ti àpótí wọn mọ́.